Wòlíì Tí Kò Ṣe É Bi Léèrè

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Gbogbo wa la gbọ́ òwe yìí. A máa ń pa á nígbà tí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, a sì máa ń pa á nígbà tí ọkùnrin kan bá wá fẹ́ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wọ aṣọ funfun, tó gbé Bíbélì dání, tó ní Olúwa rán òun sí wa, kíá ni òwe náà ń fò lọ lórí wa. Ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá láti wo ọrùn rẹ̀. A ó ní ẹni Ọlọ́run ni, ta ni àwa tí a ó máa bi í léèrè?

Nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń ṣe, mo ti jókòó ti ẹni tó ta ilẹ̀ tó jogún nítorí ọ̀rọ̀ tí wòlíì sọ fún un, tí wòlíì náà kò sì dá a mọ̀ mọ́ nígbà tí owó tán. Mo sì ti jókòó ti ẹni tí ojúlówó ìránṣẹ́ Ọlọ́run fi àdúrà àti ìmọ̀ràn gbé dìde nígbà tí ẹbí rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní gbogbo wọn ni olè, irọ́ ló pa. Ẹni tó sì ní gbogbo wọn ni Ọlọ́run rán, irọ́ lòun náà pa. Ohun tó ṣòro ni bí èèyàn ṣe máa mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Èmi kì í ṣe pásítọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn wà nílẹ̀ tí a lè wò. Àwọn tó ṣáájú wa ti bá ìṣòro yìí jà. Nígbà mìíràn wọ́n ṣe é dáadáa, nígbà mìíràn wọ́n ṣe é ní àṣejù.

OHUN TÍ ÀWỌN KRISTẸNI ÀKỌ́KỌ́ ṢE

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹtàdínlógún, a kà nípa àwọn ará Bèríà. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló wá wàásù fún wọn. Dípò kí wọ́n kàn máa ṣe àmín, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tú Ìwé Mímọ́ wò bóyá òótọ́ ni ohun tó ń sọ. Pọ́ọ̀lù kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ ìwé náà kò pè wọ́n ní aláìgbàgbọ́. Ó yìn wọ́n ni. Bí ó bá tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò, ta ni wòlíì ìgbàlódé tí a kò gbọdọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wò?

Ìwé kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Didache, èyí tó túmọ̀ sí Ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ó ti wà láti nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì lẹ́yìn Kristi. Ìwé náà sọnù pẹ́ títí, àfìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù Gíríìkì kan, Philotheos Bryennios, rí ẹ̀dà rẹ̀ kan ní Constantinople ní 1873, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1883. Láyé ìgbà náà, àwọn oníwàásù a máa rìn láti ìlú dé ìlú, ilé àwọn ará ni wọ́n sì ń dé sí. Àwọn ayédèrú ti mọ̀ pé oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀. Ìwé náà wá fún àwọn ará ní òfin. Ó ní kí wọ́n gba àlejò oníwàásù tọwọ́tẹsẹ̀, kó sun ọjọ́ kan, tàbí ọjọ́ méjì bí ó bá di dandan. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí kò lọ, kí wọ́n mọ̀ pé wòlíì èké ni. Nígbà tó bá ń lọ, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ tí yóò gbé e dé ibi tó ń lọ. Bí ó bá béèrè owó, èké ni. Bí ó bá fi orúkọ Ẹ̀mí pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ tábìlì oúnjẹ, tí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó jẹ nínú rẹ̀, èké ni. Bí ó bá fẹ́ bá wọn gbé, tó sì ní iṣẹ́ ọwọ́, kó ṣiṣẹ́ kó jẹun.

Ohun kan wà nínú ìwé yìí tó yà mí lẹ́nu. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá wòlíì jiyàn nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀mí. Ìwà rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ará wọ̀nyí mọ̀ pé àwọn kò lè rí inú ìran tí wòlíì rí, ṣùgbọ́n wọ́n lè rí ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti jí lójú ìran: bó ṣe ń náwó, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń gbé ohun tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

NÍGBÀ TÍ ÌDÁJỌ́ DI ÀṢEJÙ

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ní ọ̀nà tí a ń gbà béèrè rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Bí a kò bá ṣọ́ra, a ó ba ẹni rere jẹ́ níbi tí a ti ń wá ẹni búburú.

Ẹ ranti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú ní kékeré, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 29 June 1864 ní Canterbury, tó sì jẹ́ pé òun ni aṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì dé sí agbègbè Odò Ọya. Ìtara wọn pọ̀, wọ́n ń sọ nípa ìwà mímọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tó wà lábẹ́ Crowther ń hùwà tí kò dáa, wọ́n sì ń ṣòwò. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà o. Ṣùgbọ́n wọn kò fara balẹ̀ ya ẹni tó ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ṣẹ̀. Ní ìpàdé kan ní Onitsha, ní August 1890, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró lójú bàbá arúgbó náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní 31 December 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ó tó ọgọ́fà ọdún ó lé díẹ̀ kí ìjọ tó sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára. Ní June 2014, níbi ìsìn tí wọ́n ṣe ní Canterbury láti fi rántí àádọ́jọ ọdún tí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby tó jẹ́ Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù nígbà náà tọrọ àforíjì. Àwọn tó dájọ́ ní 1890 rò pé ìwà mímọ́ ni àwọn ń gbèjà. Wọ́n bi gbogbo ènìyàn léèrè, wọn kò bi ara wọn.

ÌJẸ̀BÚ-ÒDE DÉ ILÉṢÀ

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn baba Aládùúrà, nítorí lójú tèmi, ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù wà.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn káàkiri ayé dé ilẹ̀ wa. Kò sí oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà òyìnbó, kò sì sí lọ́wọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's kan bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ fún àdúrà. Joseph Ṣadare, tí wọ́n tún ń pè ní Esinsinade, ni aṣáájú wọn. Sophia Ọdúnlàmí, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́, wà pẹ̀lú wọn, òun náà sì ń ríran. Ẹgbẹ́ wọn la mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn kò ní máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ mọ́, àwọn kò sì ní lo oògùn. Ọ̀rọ̀ náà di ti bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kúrò nínú ìjọ ní 1922. Ṣadare fi ipò rẹ̀ nínú sínọ́ọ̀dù sílẹ̀, Ọdúnlàmí pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìgbàgbọ́ wọn ná wọn ní nǹkan; wọn kò fi í kówó jọ.

Nípasẹ̀ D. O. Odùbánjọ ní Èkó, wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́. Ìwé ìròyìn àti lẹ́tà nìkan ló so wọ́n pọ̀, kò sí ẹnì kan tó ti ibẹ̀ wá rí. Nígbà tí ìjà dé láàárín àwọn olórí ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ará ilé sì rí i pé lẹ́tà kò lè tọ́ ọmọ, okùn ọ̀rẹ́ náà já.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni, ọmọ Odò-Ọwá, tí wọ́n bí ní 1904. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì. Ní October 1928 ló ní òun gbọ́ ohùn tó ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lọ wàásù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé kò dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tọ àwọn àgbà lọ. Ní December 1929, Esinsinade ri í bọmi nínú ọ̀sà ní Èkó. Ẹni tó ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lójúkojú, tó tún lè tẹrí ba kí àgbà ìjọ ri òun bọmi, ẹni bẹ́ẹ̀ ti fún àwọn ènìyàn láǹfààní láti wò ó dáadáa. Nígbà tí ìsọjí Òkè Òoyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní July 1930, tí àwọn ènìyàn ń gbé omi wá láti ọ̀nà jíjìn kó lè gbàdúrà sí i, tí wọ́n ń kó oògùn àti ìfúnpá jáde fún sísun, kì í ṣe òun nìkan ló dá dúró síbẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní àkókò kan náà, wòlíì mìíràn yọ ní Ògèrè ní Rẹ́mọ. Josiah Oṣitẹlu ni. Olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń ríran láti 1925. Àwọn àgbà Faith Tabernacle fẹ́ràn ẹ̀bùn rẹ̀, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun mẹ́ta tó ń kọ wọ́n lóminú. Ó ní àwọn orúkọ mímọ́ tó ń pè nínú àdúrà tí wọn kò rí nínú Bíbélì. Ó máa ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn pé àjẹ́ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ tún wà níbẹ̀. Wọ́n bá a sọ ọ́. Kò gbà, àwọn náà kò gbà, wọ́n sì pínyà ní 1931. Kò sí ìjà ìgboro, kò sí èpè. Ìjọ Oṣitẹlu, ìyẹn Ìjọ Olúwa Aládùúrà, dàgbà, ó sì wọ Àjọ Ìjọ Àgbáyé ní 1975, nítorí náà n kò sọ pé wòlíì èké ni ọkùnrin náà. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn àgbà náà ní òṣùwọ̀n kan lọ́wọ́, wọn kò sì gbé e pamọ́ nítorí pé wòlíì tó wà níwájú wọn lágbára.

Ṣé wòlíì tiwọn wá jẹ́ ẹni tí kò ní àléébù? Rárá o. Ní 1932, wọ́n sọ Babalọlá fúnra rẹ̀ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin City lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́ kan náà, nítorí òfin ìjọba òyìnbó kò gbà kí ènìyàn máa pe ẹlòmíràn ní àjẹ́. Àwọn onígbàgbọ́ ní inúnibíni ni. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi obìnrin tí wọ́n pè ní àjẹ́ lójú gbogbo ìlú, tí ọjà rẹ̀ kú, tí ọmọ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, bóyá ó kà á sí ohun kékeré. Ohùn wòlíì lè ṣe aláìlera léṣe. Ìdí nìyí tí wòlíì tòótọ́ pàápàá fi gbọdọ̀ ní ẹni tó lè dì í mú.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà náà tún fi bá ìjọ Apostolic ti Britain dọ́rẹ̀ẹ́. Ní 1931 ni àwọn òyìnbó wọ̀nyí kọ́kọ́ dé, wọ́n ń wàásù ìwòsàn láti ọ̀run wá. Ìgbà tó yá ni àṣírí tú pé àwọn míṣọ́nnárì náà ń lo kúnììnì nítorí ibà. Ìbéèrè dé. Bí ẹ bá ń wàásù pé àdúrà nìkan tó, kí ni kúnììnì ń wá lọ́dọ̀ yín? Ọ̀rọ̀ yìí fa ìpínyà ní nǹkan bí 1939 sí 1940. Àwọn kan dúró ti òyìnbó, àwọn yòókù di Christ Apostolic Church tó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 1943. I. B. Akínyẹlé, ẹni tó wá di Olúbàdàn ní 1955, wà lára àwọn olórí rẹ̀.

Níhìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ tèmi láti sọ. Wọ́n tọ́ láti béèrè ìdí tí ẹnu oníwàásù àti ìgbé ayé rẹ̀ kò fi bára mu. Ṣùgbọ́n kúnììnì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó ń wo ibà. Bí wòlíì kan bá sọ fún ìyá ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná pé kó má gbé e lọ sí ọsibítù, ọmọ náà ni yóò kú, kì í ṣe wòlíì. Nígbà ọ̀fìnkìn 1918, kò sí ohun tí ọsibítù lè fúnni. Ìgbà yẹn kọ́ la wà.

NÍ MARYLAND, ÈKÓ

Kí a tó kádìí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan tí kò sẹ́ni tó lè dì í mú. Àwọn àgbàlagbà Èkó rántí Olúfúnmiláyọ̀ Immanuel Odùmósù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jésù Òyìngbò. Kò ní òun jẹ́ wòlíì Jésù; ó ní òun gan-an ni Jésù tó padà wá. Ó kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ sí ọgbà ńlá kan ní Maryland. Níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé, níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, èrè iṣẹ́ wọn sì ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń pàṣẹ bí wọn yóò ṣe gbé ayé wọn. Ìyàwó rẹ̀ pọ̀ lọ jàra.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ti gbogbo ilẹ̀kùn ìbéèrè pa. Àgbà ìjọ wo ló máa pe Jésù sí ìpàdé? Ẹsẹ Bíbélì wo lèèyàn máa fi tako ẹni tó ní òun ló ni Bíbélì? Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ, iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ wà nínú ọgbà kan náà. Ní 1988, Odùmósù kú bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ogún di ìjà, ìjà di ẹjọ́ ní kóòtù. Àwọn tó ti fi ìgbà èwe wọn sìn níbẹ̀ ni mo máa ń rò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ogún ọdún yẹn padà fún ẹni tó ti lò ó tán?

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MÁA BÉÈRÈ

Bí mo ṣe to àwọn ìtàn wọ̀nyí jọ, ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ ìyanu kọ́ ló ya olórí tó ṣe é fọkàn tán sọ́tọ̀. Àìní àléébù náà kọ́, nítorí a ti rí i pé ẹni rere ń ṣàṣìṣe. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó wà níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè bi í léèrè, kò sì fi èpè dáhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ fi ọkàn yín, owó yín tàbí ọmọ yín lé ẹnì kan lọ́wọ́ nítorí Ọlọ́run, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní àgbà tó ń tẹrí ba fún. Ẹ wò ó bóyá ìwé owó ìjọ ṣe é rí. Ẹ wo ojú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ń sọ nípa rẹ̀, nítorí Pọ́ọ̀lù pàápàá fi ẹ̀rí àwọn ará òde kún ohun tó ń wá lára alábòójútó ìjọ nínú lẹ́tà rẹ̀ sí Tímótì. Ẹ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kúrò nínú ìjọ rẹ̀ gbẹ̀yìn: ṣé wọ́n sin ín sọ́nà ni, àbí wọ́n ṣépè fún un? Bí ó bá sì ní kí ẹ má gba abẹ́rẹ́, kí ẹ má bá ìyá yín sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti òun fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé báàgì yín kí ẹ máa lọ ilé.

Kí ẹ sì ranti Crowther. Bí ẹ bá ń béèrè, ẹ béèrè pẹ̀lú sùúrù, ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹ sì wo ọrùn tiyín náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó bá di ìgbà tí igi wọ ojú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò, ẹkún ni yóò máa fi wò ó.